Kí Ló Pa Géèmù Yín?

Bí géèmù bá ti kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tó máa ń gbà ládùúgbò ni pé kó lọ fọ́máàtì kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe á gbowó, á pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, á tún Windows gbé kalẹ̀, á sì dá a padà fún olówó. Lọ́pọ̀ ìgbà, géèmù náà á tún kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Àṣà yẹn ni mo fẹ́ tako. Fọ́máàtì kì í gbọn eruku kúrò lára fáànù, kì í fi kún agbára ṣájà tí kò tó, kì í sì í wo RAM tó ti ń bàjẹ́ sàn. Ohun tó dájú pé ó ń ṣe ni pé ó ń pa ẹ̀rí rẹ́: àkọsílẹ̀ tí Windows fúnra rẹ̀ ti ṣe nípa ikú géèmù náà, àti fáìlì tí eléré ti ń tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí láti oṣù mélòó kan.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni irú ikú tí géèmù náà kú. Bí géèmù bá kàn pòórá, tí ojú Windows padà wá, tí orin tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn kò sì dáwọ́ dúró, a jẹ́ pé géèmù nìkan ló ṣubú, Windows ò mì. Fáìlì tó bàjẹ́, dráífà, mod, tàbí ètò mìíràn tó ń ti ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ géèmù ni ká fura sí. Bí àwòrán bá dúró gbagidi, tí ohùn kan ṣoṣo ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí ojú kọ̀ǹpútà ṣú díẹ̀ kó tó padà, káàdì gíráfíìsì ni kò dáhùn. Láti ìgbà Windows Vista ni Microsoft ti fi ètò kan sínú Windows tó ń ṣọ́ káàdì yìí. Bí iṣẹ́ kan bá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ tí kò fèsì, Windows á pa dráífà rẹ̀, á tún un gbé dìde, géèmù tó gbára lé e kì í sì í sábà yè é. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá di búlúù, Windows gan-an ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti géèmù nìyẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá sì kú fin láìsọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wo ooru àti iná tó ń wọlé.

Ìwé kékeré kan àti bírò ló kàn. Ẹ kọ aago tí géèmù kú, iye ìṣẹ́jú tó ti lò kó tó kú, ibi tí ẹ dé nínú rẹ̀, àti ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Ó lè jọ àṣejù, ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ náà bá ti di mẹ́rin sí márùn-ún, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yé yín. Géèmù tó ń kú síbì kan náà ní gbogbo ìgbà, bóyá bí ẹ bá ti fẹ́ wọ ìlú kan pàtó tàbí bí ẹ bá ti ṣí séèfù kan báyìí, ẹjọ́ fáìlì tàbí ti àwọn tó kọ géèmù náà ló sábà máa ń jẹ́. Ooru inú kọ̀ǹpútà kò mọ ìlú tí ẹ wà. Èyí tó ń kú níbi tó bá wù ú, lónìí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, lọ́la lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ fura sí dráífà, RAM tàbí prósẹ́sọ̀. Èyí tó máa ń lo nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú gééré kó tó kú, ooru ló jọ.

Windows náà ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá géèmù kò sì ṣí ìwé yẹn wò rí. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, ẹ kọ “Event Viewer”, ẹ ṣí i. Lápá òsì, ẹ ó rí “Windows Logs”, “Application” sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ á tò lọ rẹrẹ. Ẹ má jẹ́ kí àwọn àmì pupa tó wà níbẹ̀ já yín láyà, nítorí kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà ní wọn. Aago tí ẹ kọ sínú ìwé ni kí ẹ fi wá èyí tó kàn yín. Ní déédéé ìṣẹ́jú yẹn, ẹ ó bá ọ̀kan tí wọ́n kọ “Application Error” sí, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1000.

Ìlà mẹ́ta ló wúlò nínú rẹ̀. “Faulting application name” ni orúkọ ètò tó kú. “Faulting module name” ni apá ibi tí nǹkan ti yíwọ́. “Exception code” ń sọ irú ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí module tí wọ́n dárúkọ bá jẹ́ nvwgf2umx.dll, ti dráífà NVIDIA nìyẹn, ẹ ti mọ ilẹ̀kùn tí ẹ ó kàn. Bí ó bá jẹ́ RTSSHooks64.dll, ti RivaTuner ni, ètò tí ọ̀pọ̀ ń lò láti rí iye àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pa á, kí ẹ gbá géèmù wò láìsí i. Bí ó bá jẹ́ ntdll.dll, ẹ má tìtorí ìyẹn dá Windows lẹ́bi. Inú fáìlì yẹn ni gbogbo ètò ń gbà kọjá, ohun tó ti bàjẹ́ níbòmíràn lè wá ṣubú síbẹ̀. Ní ti kóòdù, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni 0xc0000005. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé géèmù náà fẹ́ fọwọ́ kan ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú RAM, Windows sì pa á. Kò sọ ohun tó tì í débẹ̀. Ti 0xc000007b ṣe pàtó ju ìyẹn lọ: kí géèmù tó ṣí rárá ló máa ń yọjú, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé fáìlì oníbíìtì 32 àti ti 64 ló dàrú mọ́ra wọn. Bí ẹ bá tún Visual C++ Redistributable ti Microsoft gbé kalẹ̀, ti x86 àti ti x64 pa pọ̀, ó máa ń lọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Fún kọ̀ǹpútà tó kú fin, ẹ kúrò ní “Application”, ẹ lọ sí “System”. “Kernel-Power” pẹ̀lú nọ́ńbà 41 ni ẹ ó bá níbẹ̀. Mo ti rí àwọn tó kà á, tí wọ́n sì lọ ra páwà tuntun lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tí 41 ń sọ kò ju pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Iná tó lọ, ooru, bọ́tìnì tí ọmọdé tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí kọ̀ǹpútà fi kú, ohun kan náà ni yóò kọ fún gbogbo wọn.

Ojú ìwé kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju Event Viewer lọ. Ẹ kọ “reliability” sínú àpótí ìwákiri Windows, kí ẹ ṣí “View reliability history”. Yóò to ọjọ́ síwájú yín lẹ́sẹẹsẹ, yóò fi àmì pupa sí ọjọ́ tí nǹkan kú, yóò sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n gbé wọ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀. Bí géèmù bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí pupa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́rú, ẹ wo ohun tó wọlé lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Dráífà tuntun ni nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn, ètò kan tí ẹ ò tilẹ̀ rántí pé ẹ gbà ni. Bí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá ti fọ́máàtì rẹ̀, gbogbo ìtàn yìí ti lọ.

Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gbá géèmù náà kọjá iye àkókò tó fi máa ń kú kí ẹ tó ní ó ti yè. Ẹni tó pààrọ̀ dráífà, tó pa antivirus, tó dín ẹwà àwòrán kù, tó tún géèmù gbé kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan, kò lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Yóò máa gbé láìní antivirus láti ọjọ́ yẹn lọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí antivirus náà lè má mọ̀dí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná yín lówó. Lórí Steam, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máùsì tẹ orúkọ géèmù, ẹ wọ “Properties”, ẹ wọ “Installed Files”, kí ẹ tẹ “Verify integrity of game files”. Yóò yẹ fáìlì géèmù náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì dáńlóòdù kìkì èyí tó bàjẹ́ tàbí tó sọnù. Epic náà ní tirẹ̀. Fún ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: GTA V ń gba ààyè tó lé ní gígábáìtì 100, kò sì sí ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ kó tún gbogbo rẹ̀ dáńlóòdù nítorí fáìlì kan tó ya nígbà tí iná lọ. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é lónìí tó ní fáìlì mẹ́ta bàjẹ́, tó tún un ṣe, tí ẹ tún ṣe é lọ́la tó tún ní fáìlì bàjẹ́, ẹ fi géèmù sílẹ̀, kí ẹ yẹ dísíìkì àti RAM wò.

Dráífà káàdì gíráfíìsì ló tún kàn. Tuntun kọ́ ló máa ń dára jù. Bí ikú náà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ gba dráífà tuntun, ẹ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ mú èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà kúrò pátápátá, ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Display Driver Uninstaller, inú Safe Mode ni kí ẹ ti lò ó. Lórí láptọ́ọ̀pù tó ní káàdì méjì, ti Intel tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn àti ti NVIDIA, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá géèmù kò lọ di èyí tí agbára rẹ̀ kéré mú. Ẹ wọ “Settings”, “System”, “Display”, “Graphics”, kí ẹ yan “High performance” fún géèmù náà. Àwọn ètò tó ń kọ nǹkan sórí àwòrán géèmù, bíi ti Discord àti ti Steam fúnra rẹ̀, ẹ pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ wò ó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti géèmù tí wọ́n já títì rẹ̀ (“cracked”), nítorí ó pọ̀ láàárín wa. Ẹni tó já a ti yọ fáìlì kan kúrò, ó ti fi tirẹ̀ sí i. Antivirus lè gbá fáìlì yẹn dànù lọ́jọ́ kan tí ẹ kò retí, géèmù á sì kú. Àtúnṣe tí àwọn tó kọ géèmù gbé jáde kò ní dé ọ̀dọ̀ yín, kò sì sí ẹni tí ẹ lè fi ẹjọ́ sùn. Gbogbo ìwádìí tí mò ń ṣàlàyé yìí, ìdajì rẹ̀ ni kò lè ṣiṣẹ́ lórí irú géèmù bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan sàn jù ú lọ.

Ohun kan tún wà tó kan àwa Yorùbá gan-an. Bí ẹ bá kọ orúkọ yín dáadáa nígbà tí ẹ ń ṣí Windows, tí ẹ kọ ọ́ ní Ṣọlá tàbí Ẹniọlá, Windows lè fi orúkọ yẹn sọ àpò tó ń kó ohun yín sí. Àwọn géèmù kan wà, àwọn àtijọ́ pàápàá, tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá bá lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ tàbí lórí nínú ọ̀nà tó lọ síbi séèfù wọn. Wọ́n á kú kí wọ́n tó ṣí, tàbí kí wọ́n kú bí ẹ bá ti fẹ́ tọ́jú eré. Ẹ ṣẹ̀dá orúkọ aṣàmúlò mìíràn lórí kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ fi lẹ́tà lásán kọ ọ́, kí ẹ gbá géèmù láti ibẹ̀ wò. Ó dùn mí pé a ṣì ń sọ èyí. Àìka èdè ẹlòmíràn sí lọ́dọ̀ àwọn tó kọ ètò ló fà á, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ooru ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí òun ló ń pa géèmù jù lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, òun náà ni fọ́máàtì kò lè ṣe nǹkan kan sí. Géèmù ń lo prósẹ́sọ̀ àti káàdì gíráfíìsì débi tí iṣẹ́ ọ́fíìsì kò lè lò wọ́n dé láéláé. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Intel, bí ooru bá ti ń sún mọ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, prósẹ́sọ̀ á dín eré rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Bí ooru náà kò bá dúró níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀. Ìdánwò kan wà tí kò ná ni ní kọ́bọ̀. Ẹ gbá géèmù títí yóò fi kú, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú sílẹ̀. Ẹ tún un ṣí lójú ẹsẹ̀, ẹ gbá a títí yóò fi kú lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kó tutù fún wákàtí kan, kí ẹ tún ṣe é. Bí ti ẹ̀ẹ̀kejì bá yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí ti ẹ̀ẹ̀kẹta sì padà pẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọ̀daràn mú. HWiNFO, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á fi iye ooru náà hàn yín.

Ẹ wá wo ìdí rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku tó ń bọ̀ láti Sàhárà ń wọ ilé láìkàn sílẹ̀kùn, fáànù láptọ́ọ̀pù ń fà á wọlé láti òwúrọ̀ di alẹ́. Eruku yẹn á dì mọ́ àárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kí atẹ́gùn gbà jáde, títí yóò fi nípọn bí aṣọ. Bí ẹ bá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde, tí fáànù ń pariwo ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn tó ń jáde kò tó nǹkan, ibẹ̀ ti dí. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ṣájà, ẹ ṣí ìdí rẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ṣí, kí ẹ sì fi ìka tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ di fáànù mú kí ẹ tó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Fáànù tí atẹ́gùn líle ń yí lásán lè bàjẹ́. Ẹ má fi aṣọ tútù nù ún, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀, wọ́n máa ń fi thermal paste sí i. Lórí láptọ́ọ̀pù tó ti lo ọdún mẹ́rin, márùn-ún lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó lè ti gbẹ. Owó tí ẹ ó fi fọ́máàtì, ẹ fi ṣe èyí. Kí ẹ sì gbé kọ̀ǹpútà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì; tìmùtìmù ń di ihò ìdí rẹ̀ pa.

Bí ẹ kò bá tíì lè tú u, ẹ dín iye àwòrán tí géèmù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kù sí 60 tàbí 30. Ọ̀pọ̀ géèmù ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é nínú ètò wọn. Bí ikú bá dáwọ́ dúró nítorí èyí nìkan, ẹ ti ní ìdáhùn. Ní oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ń dán géèmù New World ti Amazon wò, àwọn káàdì RTX 3090 kan kú pátápátá, àwọn mìíràn nígbà tí eléré kàn wà ní ojú ìbẹ̀rẹ̀ géèmù tí kò ṣe nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ EVGA, tó ṣe púpọ̀ nínú àwọn káàdì náà, ṣàlàyé nígbà tó yá pé jíjó tí wọ́n jó irin pọ̀ lára àwọn káàdì díẹ̀ ni kò dára tó. Àwọn tó kọ géèmù náà sì fi òté lé iye àwòrán tí yóò máa yà ní ojú ìbẹ̀rẹ̀. Ojú tí ẹ rò pé kò ṣiṣẹ́ lè máa fi káàdì sáré láìdúró.

Ṣájà ni ìbátan ooru. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lè dé ọwọ́ yín pẹ̀lú ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ dojú ṣájà bolẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀ níwájú “Output”. Ká ní 19.5V àti 4.62A ni, ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, wáàtì 90 nìyẹn. Bí láptọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ irú èyí tó ń fẹ́ 180, tí ṣájà rẹ̀ gan-an jẹ́ 19.5V àti 9.23A, ìdajì oúnjẹ rẹ̀ ni ẹ ń fún un. Ó lè ṣí Word, ó lè gbé fíìmù, kò ní sọ nǹkan kan. Bí géèmù bá dé tó béèrè iná púpọ̀, bátìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣájà wà lára rẹ̀, eré á dín kù, bátìrì tó ti gbó á já a jù sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń jẹ iná jẹnẹrétọ̀ tí kò dúró sójú kan náà ń fẹ́ stabilizer tàbí UPS láàárín.

Fún àwọn tó ń fi mod sí géèmù, iṣẹ́ yín yàtọ̀ díẹ̀. Minecraft ti Java ń ṣe yín lóore púpọ̀ níhìn-ín: ó ní àpò kan tí wọ́n ń pè ní “crash-reports”, bó bá ti kú báyìí, ó máa ń kọ ìwé sínú rẹ̀, orúkọ mod tó fà á sì sábà máa ń fara hàn láàárín àwọn ìlà òkè. Níbi tí kò bá ti fara hàn, ẹ pín wọn sí méjì. Ká ní mod 64 ló wà níbẹ̀. Ẹ kó 32 síta, kí ẹ gbá géèmù. Bí ó bá kú, ọ̀daràn wà nínú 32 tó kù. Bí kò bá kú, ó wà nínú èyí tí ẹ kó síta. Ẹ tún pín apá tí ó wà sí méjì, ó di 16, ó di 8, ó di 4, ó di 2. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ẹyọ kan ló kù. Ẹni tó ń yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dé ìgbà ọgọ́ta ó lé kó tó rí i. Ẹ ṣọ́ àwọn mod tí àwọn mìíràn gbára lé, bíi Fabric API: bí ẹ bá kó o síta, àwọn tó nílò rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́, ẹ ó sì rò pé àwọn ló ṣẹ̀. Ẹ ṣe àdàkọ ayé tí ẹ ti kọ́ nínú géèmù náà síbòmíràn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí, nítorí ayé tí ẹ ṣí láìsí mod tó kọ́ ohun inú rẹ̀ lè pàdánù àwọn ohun náà.

Mo ti ń sọ pé ẹ ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ. Ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ tán. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nígbà tí prósẹ́sọ̀ Intel ìran 13 àti 14 ti orí tábìlì wà lóde, ọ̀pọ̀ àwọn tó ra àwọn alágbára inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé géèmù tí wọ́n fi Unreal Engine kọ ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tó sì ń jáde lójú kọ̀ǹpútà ń sọ pé ààyè ti tán nínú RAM káàdì gíráfíìsì. Káàdì wọn tóbi, ààyè wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Wọ́n pààrọ̀ dráífà, àwọn mìíràn pààrọ̀ káàdì. Prósẹ́sọ̀ ló ṣìṣe nígbà tó ń tú fáìlì géèmù tí wọ́n ká pọ̀, géèmù rí ohun tí kò yé e, ó sì ka ẹ̀sùn sí káàdì lọ́rùn. Ọdún 2024 ni Intel jẹ́wọ́ pé iná tí prósẹ́sọ̀ náà ń béèrè ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n gbé àtúnṣe 0x129 jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, 0x12B tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì fi ọdún méjì kún ọdún tí wọ́n fi ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn. Inú BIOS ni àtúnṣe náà ń gbà wọlé. Èyí tó ti bàjẹ́ kí àtúnṣe tó dé kò lè tún yè mọ́. Pípààrọ̀ rẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá ní irú prósẹ́sọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, kó yẹ BIOS rẹ̀ wò kó tó náwó sí ohunkóhun mìíràn.

RAM àti dísíìkì kò ní àlàyé púpọ̀. Ẹ kọ “Windows Memory Diagnostic”, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ìdánwò tó le ju ìyẹn lọ, ẹ fi MemTest86 sórí fláàṣì, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Bí RAM bá jẹ́ méjì, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ gbá géèmù, ẹ pààrọ̀ wọn. Ẹni tó bá ti tan XMP nínú BIOS kí RAM rẹ̀ lè sáré sí i, kó pa á fún ọjọ́ díẹ̀. CrystalDiskInfo á sọ bí ara dísíìkì ṣe rí fún yín.

Nígbà mìíràn, ẹ ó ṣe gbogbo èyí, kọ̀ǹpútà yín á mọ́ kangá, géèmù á ṣì kú. Ẹ̀bi àwọn tó kọ ọ́ nìyẹn. Cyberpunk 2077 jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2020, kò sì pẹ́ tí àwọn eléré orí kọ̀ǹpútà fi rí i pé séèfù tó bá tóbi ju mẹ́gábáìtì 8 lọ máa ń bàjẹ́, kò sì ní ṣí mọ́. Kò sí dráífà tó lè wo ìyẹn sàn. Àtúnṣe 1.06 tó jáde kí oṣù náà tó parí ló mú òté mẹ́gábáìtì 8 yẹn kúrò, ṣùgbọ́n séèfù tó ti bàjẹ́ ṣáájú kò yè. Nítorí irú èyí ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ má máa tọ́jú eré yín sójú kan ṣoṣo. Ẹ lo ibi ìtọ́jú méjì, mẹ́ta nínú géèmù, kí ẹ sì máa ṣe àdàkọ àpò séèfù sórí fláàṣì kí àtúnṣe ńlá tó wọlé.

Ẹ fi ẹjọ́ sun àwọn tó kọ géèmù náà, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ẹni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. “Géèmù yín kò dára” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà géèmù, ibi tó ti ń kú, ohun tí ẹ máa ń ṣe tó fi ń kú, iye ìgbà tó kú nínú mẹ́wàá tí ẹ dán an wò. Ẹ ṣí “dxdiag”, kí ẹ tẹ “Save All Information”. Fáìlì tó bá fún yín ti ní orúkọ káàdì, nọ́ńbà dráífà àti iye RAM nínú, ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ikú géèmù náà. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lórí Steam, ẹ má jẹ́ kí ìwádìí jẹ àkókò yín tán: láàárín ọjọ́ 14 tí ẹ rà á, tí ẹ kò bá sì tíì gbá a tó wákàtí 2, ẹ lè béèrè owó yín padà. Wákàtí tí géèmù fi ṣí sílẹ̀ lójú yín nígbà tí ẹ ń dán an wò wà nínú 2 yẹn.